Ìpinnu 1325 àti àwọn tó tẹ̀lé e: kí ni kí àwọn obìnrin béèrè lọ́wọ́ ikọ̀ apẹ̀tùsááwọ̀, ta ni kí wọ́n sì béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀?

Arábìnrin Àlàáfíà

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará. Mo mọ̀ pé àwọn tó ti ṣe irú iṣẹ́ yìí wà láàárín wa, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé ìbéèrè yìí wá.

Ẹgbẹ́ wa ń bá àwọn obìnrin ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ kan tí ogun ti dà rú, níbi tí ikọ̀ apẹ̀tùsááwọ̀ ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé wà. Ìwé àṣẹ tí ikọ̀ náà fi ń ṣiṣẹ́ máa tó parí, Ìgbìmọ̀ Ààbò sì máa jókòó láti tún un ṣe. Àwọn obìnrin náà ní kí a bá àwọn kọ ohun tí àwọn ń fẹ́ ránṣẹ́. Nígbà tí a jókòó tì í, ẹnì kan ní 1325, ẹnì kan ní 1820, òmíràn ní 2242, ìyẹn nọ́ńbà àwọn ìpinnu tí Ìgbìmọ̀ Ààbò ti ṣe lórí obìnrin, ogun àti àlàáfíà. Nọ́ńbà pọ̀ lọ bẹẹrẹ, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè sọ èyí tó bá ohun tó ń ṣe wọ́n mu. Ìyá àgbà kan wá bi wá pé, "Èwo nínú ìwé wọ̀nyí ló máa jẹ́ kí n lọ ṣẹ́gi kí n sì padà délé láìfarapa?"

Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni ká mú, kí ni ká kọ, ta ni ká sì kọ ọ́ sí?

Agbẹjọ́rò Ẹ̀tọ́

Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun, arábìnrin wa. Ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà dẹ́rù bà yín. Orí 1325 ni gbogbo ìyókù dúró lé. Ìgbìmọ̀ Ààbò fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 2000, kò sì sí orílẹ̀-èdè kankan nínú ìgbìmọ̀ náà tó kọ̀ ọ́. Namibia ló ń darí ìgbìmọ̀ ní oṣù yẹn. Oṣù Karùn-ún ọdún kan náà ni wọ́n ti ṣe ìpàdé ní Windhoek, olú ìlú Namibia, lórí bí iṣẹ́ ìpẹ̀tùsááwọ̀ ṣe máa ka ọ̀rọ̀ tọkùnrin-tobìnrin sí. Ẹ má sì gbàgbé pé àwọn ẹgbẹ́ obìnrin ló lọ ń kan ilẹ̀kùn àwọn aṣojú ìjọba lọ́kọ̀ọ̀kan kí ìwé náà tó jáde. Kò sẹ́ni tó fi ṣe wọ́n lóore.

Ìpínrọ̀ 18 ló wà nínú rẹ̀, kò sì yẹ kí ẹ kó gbogbo rẹ̀ lé àwọn obìnrin lórí. Tí ìjíròrò àlàáfíà bá ń lọ lọ́wọ́, ìpínrọ̀ 8 ni ẹ máa ṣí. Ó ní kí gbogbo ẹni tó ń ṣètò àdéhùn àlàáfíà ro ohun tí obìnrin àti ọmọdébìnrin nílò nígbà tí wọ́n bá ń padà sílé tí wọ́n sì ń tún ìlú tò, kí wọ́n sì ti àwọn obìnrin ìbílẹ̀ tó ń wá àlàáfíà lẹ́yìn. Ìpínrọ̀ 11 ní kí ìjọba fìyà jẹ àwọn ọ̀daràn ogun, títí kan àwọn tó fipá bá obìnrin lò pọ̀, kí wọ́n sì yọ irú ẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀ kúrò nínú àforíjì níbi tó bá ti ṣeé ṣe. Ẹ ṣọ́ra fún "níbi tó bá ti ṣeé ṣe" yẹn o. Ibẹ̀ ni àwọn olórí ogun máa ń sá gbà jáde. Ní Colombia, àwọn obìnrin ò gbà bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2014, wọ́n dá ìgbìmọ̀ kékeré kan sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ tọkùnrin-tobìnrin níbi ìjíròrò àlàáfíà tí ìjọba wọn àti àwọn agbébọn FARC ń ṣe ní Havana, ní Cuba. Nígbà tí àdéhùn jáde ní 2016, ìfipábánilòpọ̀ kò sí lára ohun tí wọ́n lè forí ji ẹnikẹ́ni.

Ìpínrọ̀ 15 ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kì í rántí. Ó ní bí Ìgbìmọ̀ Ààbò bá rán àwọn èèyàn rẹ̀ wá wo ilẹ̀ kan, kí wọ́n bá àwọn ẹgbẹ́ obìnrin ibẹ̀ sọ̀rọ̀. Tí ẹ bá gbọ́ pé wọ́n ń bọ̀, ẹ tètè fi ìpínrọ̀ yẹn kọ̀wé sí wọn.

Nínú àwọn tó tẹ̀lé e, 1820 ti oṣù Kẹfà ọdún 2008 ló sọ ọ́ gbangba pé ìfipábánilòpọ̀ tí wọ́n fi ń jagun lè jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ogun, ó lè jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ sí ọmọ aráyé, ó sì lè wà lára ìpakúpa ìran. Ilé ẹjọ́ àgbáyé tó gbọ́ ẹjọ́ Rwanda ti la ọ̀nà yẹn ṣáájú nínú ẹjọ́ Jean-Paul Akayesu, tó jẹ́ olórí ìlú kan ní Rwanda, ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1998. 1888 ti ọdún 2009 ló dá ipò Aṣojú Pàtàkì fún Akọ̀wé Àgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ìfipábánilòpọ̀ nígbà ogun sílẹ̀. Margot Wallström ti Sweden ló kọ́kọ́ jókòó síbẹ̀, Zainab Hawa Bangura ti Sierra Leone tẹ̀lé e, wọ́n sì yan Pramila Patten ti Mauritius ní 2017. Ìpinnu yẹn náà ló mú kí wọ́n máa fi olùdámọ̀ràn lórí ààbò obìnrin sínú ikọ̀ apẹ̀tùsááwọ̀. Ní 2010, 1960 jẹ́ kí Akọ̀wé Àgbà máa to orúkọ àwọn ọmọ ogun àti agbébọn tí wọ́n fura sí sínú ìwé ọdọọdún rẹ̀. Àwọn ọ̀gágun kórìíra kí orúkọ wọn wà níbẹ̀, ẹ lo ìyẹn dáadáa.

Àmọ́ ohun tó ṣe pàtàkì jù tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ rèé: rírọ̀ ni 1325 ń rọ àwọn èèyàn. Ìwé àṣẹ ikọ̀ yẹn gan-an ló ń sọ ohun tí ọ̀gágun gbọ́dọ̀ ṣe lọ́la. Tí ohun tí ẹ fẹ́ kò bá sí nínú ìwé àṣẹ, nọ́ńbà mẹ́wàá tí ẹ bá kà sí i létí ò ní gbé e kúrò lórí àga.

Akọ̀wé Ìpàdé

Agbẹjọ́rò ti sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi ti àkókò kún un, torí mo ti rí ẹgbẹ́ tó kọ ìwé tó dára, àmọ́ ọ̀rọ̀ ti bọ́ kí ìwé náà tó dé.

Ìwé àṣẹ ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ní orílẹ̀-èdè kan tó ń mú gègé lórí rẹ̀ nínú Ìgbìmọ̀ Ààbò. France ló máa ń kọ ti Kóńgò àti ti Central African Republic. Amẹ́ríkà ló máa ń kọ ti South Sudan. Ẹni tó mú gègé ló máa kọ àkọ́sílẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀, yóò sì pín in fún àwọn tó kù kí wọ́n máa dúnàá dúrà lórí rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá rí wọn lórí tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ń nawọ́ sókè, wọ́n ti parí ọ̀rọ̀ tipẹ́. Nítorí náà, ẹ wá ẹni tó mú gègé lórí ilẹ̀ tí ẹ ń sọ, kí ẹ lọ sí ilé iṣẹ́ aṣojú rẹ̀ tó wà ní olú ìlú ibẹ̀, kí ẹ sì lọ nígbà tó ṣì ku oṣù mélòó kan. Àwọn tó wà ní olú ìlú yẹn ló ń kọ̀wé ránṣẹ́ sí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní New York.

Kí wọ́n tó kọ àkọ́sílẹ̀, ìjábọ̀ Akọ̀wé Àgbà lórí ilẹ̀ náà máa ń jáde. Ẹ kà á. Ẹ wo ibi tí wọ́n ti mẹ́nu ba obìnrin. Tó bá jẹ́ pé inú ìpínrọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n há gbogbo wọn mọ́, pẹ̀lú ọmọdé àti arúgbó, ẹ fi ìyẹn ṣe ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yín: ẹ kọ ohun tí ìjábọ̀ náà fò dá. Látìgbà tí 2242 ti jáde ní oṣù Kẹwàá 2015, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kan ti wà láàárín àwọn ọmọ Ìgbìmọ̀ Ààbò tó máa ń pàdé lórí ọ̀rọ̀ obìnrin ní ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan. UN Women, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ obìnrin, ló ń bá wọn ṣètò rẹ̀. Ẹ kọ̀wé síbẹ̀ náà.

Ti owó ni mo fẹ́ fi gbogbo ẹnu sọ. Ìgbìmọ̀ Ààbò lè kọ ọ́ pé kí olùdámọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ tọkùnrin-tobìnrin wà nínú ikọ̀. Ẹni tó máa fọwọ́ sí owó oṣù rẹ̀ wà níbòmíràn: Ìgbìmọ̀ Karùn-ún ti Àpéjọ Gbogboogbò ni. Ọjọ́ 1 oṣù Keje ni ọdún ìnáwó ikọ̀ apẹ̀tùsááwọ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ó sì ń parí ní 30 oṣù Kẹfà, nítorí náà àárín oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹfà ni wọ́n máa ń fa ọ̀rọ̀ owó yẹn. Tí wọ́n bá fẹ́ dín owó kù, ipò olùdámọ̀ràn wà lára ohun tí ọ̀bẹ máa ń kọ́kọ́ kàn. Wọ́n á yọ ọ́, tàbí kí wọ́n gbé e fún ẹni kékeré tí ọ̀gá ò ní gbọ́ tirẹ̀, tàbí kí wọ́n fi iṣẹ́ náà kún iṣẹ́ ẹlòmíràn. Ẹ béèrè tààrà pé: ipò mélòó ló wà, ipele wo ni wọ́n wà, èèyàn wà nínú wọn àbí wọ́n ṣófo, ọ̀dọ̀ ta ni wọ́n ń jábọ̀ sí? Ìbéèrè mẹ́rin yìí máa fi hàn yín bóyá wọ́n fẹ́ ṣe é.

Ọlọ́pàá Fẹ̀yìntì

Mo kí gbogbo ilé. Èmi fẹ́ dá ìyá tó ń ṣẹ́gi lóhùn, torí irú iṣẹ́ yẹn gan-an ni mo ṣe nígbà tí mo wà lábẹ́ àsìá Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé.

Ọ̀rọ̀ igi ṣíṣẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ní Darfur, ní ilẹ̀ Sudan, àwọn obìnrin tó wà ní àgọ́ ò lè se oúnjẹ láìjáde lọ ṣẹ́gi, ojú ọ̀nà yẹn sì ni wọ́n ti ń lúgọ dè wọ́n. Ikọ̀ apẹ̀tùsááwọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í sìn wọ́n lọ, wọ́n sì ń sìn wọ́n bọ̀. Ó wúlò, àmọ́ ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹ má kàn kọ ọ́ pé "kí wọ́n máa sìn wá". Ẹ jókòó pẹ̀lú àwọn obìnrin náà kí ẹ ya àwòrán ọ̀nà sórí ilẹ̀. Aago mélòó ni wọ́n ń jáde? Ibo ni igbó ti ṣú jù? Ibo ni wọ́n ti máa ń pín ara wọn? Ọjọ́ wo ni ọjà, tí èrò tó ń padà máa ń pẹ́ lójú ọ̀nà? Tí ọkọ̀ àwọn ọmọ ogun bá bàjẹ́ lọ́jọ́ kan, ta ló máa sọ fún àwọn obìnrin kí wọ́n tó gbéra? Èyí tó kẹ́yìn yìí ló dùn mí jù. Ikọ̀ tó ń wá lónìí tí kì í wá lọ́la burú ju ikọ̀ tí kò wá rárá, nítorí obìnrin tó ti gbọ́kàn lé e máa lọ síbi jíjìn tí kì bá dá lọ.

Ẹ tún béèrè ẹni tó máa jẹ́ ògbufọ̀. Tó bá jẹ́ ọkùnrin tó wá láti ẹ̀yà àwọn tó ń lúgọ yẹn, kò sí obìnrin tó máa lanu sọ nǹkan kan níwájú rẹ̀. Bí ó tiẹ̀ jẹ́ ọmọ ìlú wọn, ọ̀rọ̀ kan wà tí ọmọbìnrin ò lè sọ kí ẹni tó mọ bàbá rẹ̀ máa gbọ́. Ògbufọ̀ obìnrin kan wúlò fún mi ju ọkọ̀ méjì lọ.

Ìgbọ̀nsẹ̀ inú àgọ́ náà wà nínú ọ̀rọ̀ ààbò. Ṣé ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ìdè láti inú? Ṣé ti obìnrin jìnnà sí ti ọkùnrin? Ṣé iná wà lójú ọ̀nà rẹ̀ lóru? Ẹ fi sínú ìwé yín. Àwọn ọ̀gá kan máa ní ọ̀rọ̀ àwọn tó ń kọ́ àgọ́ nìyẹn, kì í ṣe tàwọn. Ẹ ní kí wọ́n jọ jókòó, torí ẹni tí wọ́n bá ká mọ́ ibẹ̀ lóru ò ní béèrè pé ọ́fíìsì wo ló ni ilẹ̀kùn.

Ó ku ti àwa obìnrin tó ń wọ aṣọ iṣẹ́. Lọ́dún 1993, nínú èèyàn 100 tó wọ aṣọ iṣẹ́ nínú iṣẹ́ yìí, obìnrin ò ju ẹyọ kan lọ. Àjọ náà ti wá fi ọdún 2028 ṣe gbèdéke: ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín àwọn ọmọ ogun tó ń lọ ní ikọ̀-ikọ̀, 25 láàárín àwọn alákìíyèsí ológun àti ọ̀gá tó wà ní ọ́fíìsì, 20 láàárín ikọ̀ ọlọ́pàá, 30 láàárín ọlọ́pàá tó ń lọ lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. India rán ikọ̀ ọlọ́pàá obìnrin lọ sí Liberia ní 2007, wọ́n sì wà níbẹ̀ títí di 2016. Kristin Lund ti Norway di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ ọ̀gá ọmọ ogun ikọ̀ apẹ̀tùsááwọ̀, ní Cyprus, lọ́dún 2014. Ní oṣù Kẹjọ 2020, Ìgbìmọ̀ Ààbò fọwọ́ sí 2538, tí Indonesia gbé wá, lórí àwọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ yìí nìkan.

Àmọ́ ẹ wo ohun tí a ń fojú rí níbẹ̀. Wọ́n á fún obìnrin ní ẹ̀wù ayẹta tí wọ́n rán fún àyà ọkùnrin. Á fẹ̀ lábẹ́ abíyá, á há láyà, tó bá sì tẹ̀ síwájú láti wọ ọkọ̀, ọrùn ẹ̀wù á ti àgbọ̀n rẹ̀ sókè. Ibùdó ò ní ilé ìwẹ̀ tirẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, wọ́n á fi í sí ọ́fíìsì kó máa kọ ìwé, wọ́n á wá ní obìnrin kì í jáde lọ síbi iṣẹ́. Kánádà bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n ń pè ní Elsie Initiative ní 2017 láti yanjú irú ìdènà bẹ́ẹ̀, wọ́n sì dá owó àpapọ̀ sílẹ̀ fún un ní 2019. Tí ẹ bá fẹ́ rí ọlọ́pàá obìnrin ní abúlé yín, ẹ béèrè iye obìnrin tó ń jáde lọ sí abúlé. Iye tó wà nínú ikọ̀ nìkan ò tó.

Bàbá Olùkọ́

Ẹ kú làálàá, ẹ̀yin ọmọ mi. Ohun kan ń kọ mí lóminú. À ń sọ ọ́ bí ẹni pé tí obìnrin bá ti pọ̀ nínú ikọ̀, ìwà ọkùnrin máa tún ṣe. Ṣé kì í ṣe pé a tún ń di ẹrù lé obìnrin lórí? Ọ̀gágun ọkùnrin tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ní láti dáàbò bo ará ìlú, ì báà jẹ́ obìnrin kan kò sí nínú ọmọ ogun rẹ̀.

Ọlọ́pàá Fẹ̀yìntì

Bàbá, mo gbà pẹ̀lú yín pátápátá. Obìnrin lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣiṣẹ́ náà nítorí pé iṣẹ́ ni, ó sì lè ṣe é. Kò wá síbẹ̀ láti máa ṣọ́ ọkùnrin. Ìpínrọ̀ 6 nínú 1325 ló sọ ọ́ pé kí wọ́n kọ́ gbogbo ẹni tó ń lọ ní ohun tí ẹ̀tọ́ obìnrin jẹ́ kí wọ́n tó gbéra, ọ̀gá lọ́kùnrin lóbìnrin. Ẹ béèrè bí wọ́n ṣe kọ́ wọn, àti bóyá ọ̀gá jókòó nínú kíláàsì náà fúnra rẹ̀ àbí ó rán igbákejì.

Ìyá Agbẹ̀bí

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n gba ẹnu àwọn tí wọ́n ti fipá bá lò pọ̀ sọ̀rọ̀. Ibi tí mo ti ṣiṣẹ́, wákàtí la fi ń ka ọ̀rọ̀. Oògùn tó ń dènà HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé, obìnrin náà sì gbọ́dọ̀ lò ó fún ọjọ́ 28. Oògùn tó ń dènà oyún, kò gbọ́dọ̀ kọjá ọjọ́ márùn-ún, bó bá sì ṣe tètè dé ló ṣe dára sí. Ẹ wá fojú inú wo obìnrin tí wọ́n ní kó kọ́kọ́ lọ gba ìwé lọ́dọ̀ ọlọ́pàá kí wọ́n tó tọ́jú rẹ̀, tí àgọ́ ọlọ́pàá sì jìnnà, tí ojú ọ̀nà sì léwu. Nínú ìwé tí ẹ ń kọ, ẹ sọ ọ́ gbangba pé ìtọ́jú ò gbọ́dọ̀ dúró de ìwé ọlọ́pàá. Ẹ ní kí ikọ̀ sọ ibi tí oògùn wà, àti ọkọ̀ tó máa gbé obìnrin débẹ̀ lóru.

Lórí èyí, ẹ mọ ìwé tí ẹ máa di mú. 2122 ti oṣù Kẹwàá 2013 sọ ọ́ pé a nílò kí ìtọ́jú ìbímọ wà ní kíkún láìsí ojúsàájú, títí kan èyí tó jẹ mọ́ oyún tí ìfipábánilòpọ̀ fà. 2467 ti oṣù Kẹrin 2019 ló gbé ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí sí àárín gbùngbùn ọ̀rọ̀, ó sì dára gan-an. Àmọ́ Amẹ́ríkà ò gbà kí ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ìbímọ yẹn wà nínú rẹ̀, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò. Orílẹ̀-èdè 13 ló dìbò fún un, China àti Rọ́ṣíà ò dá sí i. Nítorí náà ẹ lo méjèèjì pọ̀: 2467 fún bí wọ́n ṣe máa ṣe sí ẹni náà, 2122 fún ohun tí wọ́n máa fún un ní ilé ìwòsàn.

Ẹ má sì gbàgbé àwọn ọkùnrin àti ọmọdékùnrin tí wọ́n fipá bá lò pọ̀. 2106 ti ọdún 2013 dárúkọ wọn. Ìtìjú wọn pọ̀ débi pé wọn kì í wá títí ara á fi bàjẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe mú obìnrin kan ṣoṣo káàkiri kó máa sọ ìtàn rẹ̀ fún gbogbo àlejò. Mo ti rí ọmọbìnrin tó sọ ọ́ fún oníròyìn, tó sọ ọ́ fún aṣojú ìjọba, tó tún sọ ọ́ fún ẹgbẹ́ mẹ́ta, tí kò sì rí oògùn gbà lọ́wọ́ ẹnì kankan nínú wọn.

Ọmọ Ìwé Gíga

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Tó bá wá jẹ́ pé ọmọ ogun apẹ̀tùsááwọ̀ fúnra rẹ̀ ló hùwà yìí ńkọ́?

Agbẹjọ́rò Ẹ̀tọ́

Àbúrò, ìbéèrè yìí wúwo, kò sì yẹ ká fi bọpo bọyọ̀ dá a lóhùn.

Òfin àjọ náà le. Láti 2003, Akọ̀wé Àgbà ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí ìbálòpọ̀ pẹ̀lú ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, ì báà jẹ́ pé ọkùnrin náà ní òun rò pé ó ti dàgbà. Kò sí fífi owó, iṣẹ́ tàbí oúnjẹ ra ara ẹnikẹ́ni. Ibi tó ti wá di ìṣòro ni ìdájọ́. Àjọ náà ò ní ẹ̀wọ̀n. Tó bá jẹ́ ọmọ ogun, orílẹ̀-èdè tó rán an wá nìkan ló lè gbé e lọ sílé ẹjọ́. Ní 2007, wọ́n dá ọmọ ogun Sri Lanka tó lé ní 100 padà sílé láti Haiti nítorí irú ẹ̀sùn yìí. Dídá padà sílé ò sì túmọ̀ sí pé ìdájọ́ ti dé.

2272 ti oṣù Kẹta 2016 fi nǹkan kan kún un. Bí ẹ̀rí bá wà pé ìwà yìí tàn kálẹ̀ nínú ikọ̀ kan, Akọ̀wé Àgbà lè dá gbogbo ikọ̀ náà padà. Bí orílẹ̀-èdè kan ò bá ṣe ìwádìí, tí kò fìyà jẹ ọ̀daràn, tàbí tí kò jábọ̀ fún àjọ náà, wọ́n lè fi ti ilẹ̀ mìíràn rọ́pò gbogbo ikọ̀ tó ti ilẹ̀ náà wá. Orílẹ̀-èdè kan kì í fẹ́ irú ìtìjú bẹ́ẹ̀. Ẹ rán wọn létí rẹ̀.

Ohun tí ẹ lè ṣe lójú ẹsẹ̀: ẹ kọ ọjọ́ àti àkókò sílẹ̀, ẹ kọ nọ́ńbà tó wà lára ọkọ̀, ẹ wo àsìá tó wà ní èjìká aṣọ rẹ̀. Aṣọ tí obìnrin náà wọ̀, ẹ má fọ̀ ọ́, inú àpò bébà ni kí ẹ fi sí. Ọ̀rá máa ń jẹ́ kó bu. Ẹ gbé e lọ bá àwọn tó ń rí sí ìwà àti ìbáwí nínú ikọ̀, kí ẹ gba ìwé tó fi hàn pé wọ́n gbà á, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan pa mọ́ síbi tí kì í ṣe ọ́fíìsì yín. Láti 2017, àjọ náà ní alágbàwí fún ẹ̀tọ́ àwọn tí ìwà yìí ṣẹlẹ̀ sí. Jane Connors ni wọ́n kọ́kọ́ yàn. Àwọn alágbàwí bẹ́ẹ̀ tún wà ní Haiti, Kóńgò, South Sudan àti Central African Republic. Tí ọmọ bá ti jáde nínú rẹ̀, ẹ béèrè àyẹ̀wò DNA ní kíákíá, kí ọmọ ogun náà tó padà sílé. Tó bá ti lọ, ilé ẹjọ́ ilẹ̀ rẹ̀ ni ìyá ọmọ máa dojú kọ, ọ̀nà ibẹ̀ sì jìn.

Ọmọ Ẹgbẹ́ Àtijọ́

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀. Ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu ba ètò tí wọ́n fi ń gba ohun ìjà lọ́wọ́ àwọn tó jagun, tí wọ́n sì fi ń ràn wọ́n lọ́wọ́ láti padà sí ayé àlàáfíà, torí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin ni.

Ní Sierra Leone, ẹni tó bá fẹ́ wọ ètò náà gbọ́dọ̀ mú ìbọn wá níbẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin tí àwọn agbébọn jí gbé, tí wọ́n ń gbé ẹrù fún wọn, tí wọ́n ń dáná fún wọn, tí wọ́n sọ di ìyàwó tipátipá, kò ní ìbọn lọ́wọ́. Àwọn mìíràn ní, àmọ́ ọ̀gá wọn gbà á kó lè fi í fún ọkùnrin. Bí wọ́n ṣe fò wọ́n dá nìyẹn, wọ́n padà sílé pẹ̀lú ọmọ, láìsí owó, láìsí iṣẹ́. Ìpínrọ̀ 13 nínú 1325 ti ní kí wọ́n ro ti obìnrin tó jagun yàtọ̀ sí ti ọkùnrin, kí wọ́n sì ro ti àwọn tó gbára lé wọn. Ní Liberia, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn obìnrin tó bá agbébọn rìn láìní ìbọn, obìnrin tó lé ní 20,000 sì gba ibẹ̀ wọlé. Tí ètò bẹ́ẹ̀ bá ń bọ̀ ní ilẹ̀ tí ẹ wà, ẹ béèrè ohun tí wọ́n máa fi mọ ẹni tó yẹ, kí wọ́n tó tẹ fọ́ọ̀mù jáde.

Àwọn obìnrin Liberia yẹn, láìdúró de ẹnikẹ́ni, ló wọ aṣọ funfun jókòó sí ojú ọ̀nà. Nígbà tí ìjíròrò àlàáfíà lórí Liberia ní Accra, ní Ghana, ń fà gùn ní 2003, Leymah Gbowee tó ń darí wọn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn, wọ́n ní kò sí ẹni tó máa jáde láìsí àdéhùn. Ọjọ́ 18 oṣù Kẹjọ ni wọ́n fọwọ́ sí i.

Arábìnrin Àlàáfíà

Ẹ ṣé gan-an ni o, gbogbo yín. Ìbéèrè méjì ló kù. Ẹ̀rù ń ba àwọn obìnrin kan láti fi orúkọ wọn sí ìwé náà, torí àwọn agbébọn kò jìnnà. Ìkejì, báwo ni ká ṣe kọ ìbéèrè fúnra rẹ̀?

Akọ̀wé Ìpàdé

Ẹ̀rù wọn tọ́. Ẹ má fipá mú ẹnikẹ́ni. Orúkọ ẹgbẹ́ lè wà lórí ìwé, orúkọ èèyàn lè má sí níbẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ kí ẹnì kan sọ̀rọ̀ níwájú Ìgbìmọ̀ Ààbò, kó béèrè ṣáájú pé kí ni wọ́n máa ṣe tí wọ́n bá halẹ̀ mọ́ ọn nígbà tó bá padà délé, ẹni wo ló máa pè, àti bóyá ó lè sọ̀rọ̀ láìjẹ́ kí wọ́n ya àwòrán rẹ̀. Kó jẹ́ òun fúnra rẹ̀ ló máa sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, kì í ṣe ọ̀gá ẹgbẹ́. Bí gbogbo ọ̀nà ibẹ̀ bá dí, ẹ rántí pé ìgbìmọ̀ onímọ̀ 23 tó ń ṣọ́ àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ obìnrin ti ọdún 1979 ń gba ìwé lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ nígbà tó bá kan ìjọba láti jábọ̀. Láti 2013 ni wọ́n ti ń béèrè nípa ogun àti àlàáfíà lọ́wọ́ ìjọba, kódà lọ́wọ́ ìjọba tó rán ọmọ ogun lọ sí ilẹ̀ ẹlòmíràn.

Ti ìbéèrè fúnra rẹ̀, ojú ìwé méjì ti tó. Ẹ má kọ ọ́ pé "a rọ Ìgbìmọ̀ Ààbò kó dáàbò bo àwọn obìnrin". Gbogbo wọn máa fọwọ́ sí ìyẹn, kò sì sẹ́ni tó máa ṣe nǹkan kan. Ẹ kọ irú èyí: "Kí ìwé àṣẹ tuntun pàṣẹ fún ikọ̀ láti máa sin àwọn obìnrin lọ ṣẹ́gi kí wọ́n sì sìn wọ́n padà, ní ọjọ́ àti ojú ọ̀nà tí wọ́n bá àwọn obìnrin àgọ́ náà fẹnu kò sí. Kí ògbufọ̀ obìnrin máa bá wọn lọ. Kí olùdámọ̀ràn lórí ààbò obìnrin wà ní ọ́fíìsì ẹkùn yìí, kí owó oṣù rẹ̀ wà nínú ìnáwó ọdún tó ń bọ̀. Kí Akọ̀wé Àgbà sọ nínú ìjábọ̀ kọ̀ọ̀kan iye ìgbà tí wọ́n jáde, iye ìgbà tí wọn ò jáde, àti ìdí rẹ̀."

Ẹ fi ìpínrọ̀ tó gbè é lẹ́yìn sí ìsàlẹ̀ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, ẹyọ kan tàbí méjì péré. Ẹ kọ ọ́ ní èdè tí ẹni tó mú gègé ń sọ, kí ẹ sì kà á ní èdè àwọn obìnrin náà fún wọn kó tó lọ. Ohun tí wọ́n bá ní àwọn ò sọ, ẹ yọ ọ́ kúrò.